Àyè Aránṣọ Nínú Ọkọ̀ Onídìrí

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìbínú Onídìrí ṣe rí, ẹ fi ọwọ́ tó lépo kan ọkọ̀ ẹ̀. Kò ní lù yín o. Á kàn dúró, á wo ọwọ́ yẹn, á wo ojú yín, á tún wo ọwọ́ yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sáré wá aṣọ tí ẹ máa fi nù ún.

Obìnrin náà ò ga, kò sì sanra. Ohùn ẹ̀ nìkan ló tóbi. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ju yàrá kan lọ: àga mẹ́ta, dígí gígùn kan, ẹ̀rọ ìgbẹrun méjì tí ọ̀kan ti kú tipẹ́, tó wá di ibi tó ń fi báàgì kọ́ sí. Ibẹ̀ ló ti ń dirun látìgbà tí orí tiẹ̀ ò tíì ní ewú kankan. Ó mọ orí gbogbo àdúgbò. Ó mọ orí tó le, ó mọ orí tó rọ̀, ó mọ orí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹkún kí kóòmù tó kàn án.

Òun ni àbígbẹ̀yìn nílé wọn, ilé tó jẹ́ pé obìnrin ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kò sí aṣọ tó wọ̀ dàgbà tí ẹlòmíì ò tíì wọ̀ ya níbì kan. Bàtà tó bá máa fi kàn án, ẹnu ẹ̀ á ti là, á ti máa rẹ́rìn-ín sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi búra pé tí òun bá máa ra ọkọ̀ láyé yìí, tuntun ni, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sín sínú ẹ̀ rí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ń dirun ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó wá gbé ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan wọ àdúgbò, fèrè tó fun lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó sùn jí, àwọn tó ń bínú síra wọn jọ jáde wá wòran. Ó sọ ọkọ̀ náà ní Arẹwà. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìjókòó ẹ̀ nílé ìtajà, kò ya á. Ó di ìgbà tí oòrùn mú gidi, tí itan àwọn èrò ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà, tí wọ́n ń pariwo "yéè!" tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó tó gbà kí wọ́n bọ́ ọ.

Èrò wo ló ní? Kì í ṣe takisí o, ẹ má gbọ́ ọ sódì. Àwọn èèyàn ẹ̀ náà ni: Aránṣọ, Tíṣà, àti Àbúrò.

Aránṣọ lọ̀rẹ́ ẹ̀ láti kékeré. Obìnrin ńlá ni, mi ò ní fẹnu dín in kù. Tó bá wọ yàrá, yàrá á mọ̀ pé èèyàn wọlé. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, yàrá kan ni òun àti Onídìrí jọ ń gbé, bàtà gidi kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní láàárín ara wọn. Ẹni tó bá ní ibi pàtàkì í lọ ló ń wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ Aránṣọ tóbi jù fún bàtà náà, ti Onídìrí kéré jù, ọ̀kan á máa tiro, èkejì á máa fà á lẹ̀ ṣàà ṣàà. Wọn ò jà nítorí bàtà yẹn lẹ́ẹ̀kan rí. Nísinsìnyí, orúnkún Aránṣọ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìránṣọ ọlọ́dún gbọọrọ, ẹsẹ̀ tó ń tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba owó ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dókítà ní kó máa wá sílé ìwòsàn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n máa bá a tọ́jú orúnkún náà.

Ni Onídìrí bá fi Ọjọ́bọ̀ ṣe ọjọ́ tó ń ti ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn ló jọ ń lọ. Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló dàgbà jù, iwájú ni tiẹ̀. Á máa ka gbogbo àkọlé ojú ọ̀nà sókè ketekete fún Onídìrí bí ìgbà tó ń kọ́ ọmọ iléèwé: "Ẹ rọra. Ọmọdé ń kọjá. Ó wí pé ọmọdé ń kọjá o." Tíṣà kéré bí ẹyẹ, ó máa ń fa ìjókòó ẹ̀ síwájú títí orúnkún tiẹ̀ á fi kan pákó iwájú ọkọ̀, kí Aránṣọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lè ráyè na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Àbúrò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aránṣọ, àbúrò ẹ̀ gan-an ni, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, àmọ́ òun tín-ín-rín bí òwú. Kò sẹ́ni tó pín àyè fún wọn. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni, ó sì di òfin.

Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n gun òkìtì tí wọ́n mọ sójú títì nítorí àwọn awakọ̀ oníwàdùwàdù, níwájú oníbàtà tó wà ní ìyànà. Ni ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ké.

"Kẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́n!"

Bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

"Kí nìyẹn?" Onídìrí fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì.

"Kì í ṣe èmi o," Àbúrò ní.

Oníbàtà gbójú sókè láti ìdí bàtà tó ń lẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ ẹnì kan kalẹ̀ o! Ọkọ̀ ti ń bẹ̀ yín!"

Aránṣọ yọrí síta. "Ìwọ wá gbé mi sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ̀yìn ẹ ò bá ní dá!"

Gbogbo wọn rín in, Aránṣọ ló rín jù. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò sí òkìtì tí wọ́n gùn tí Arẹwà ò ké.

Onídìrí ò bẹ̀rù. Ṣebí ọkọ̀ náà ní wáráǹtì, ìyẹn ìlérí tí wọ́n ṣe fún un lọ́jọ́ tó rà á pé ohun yòówù tó bá jẹ́ àṣìṣe àwọn tó ṣe ọkọ̀, àwọn máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wáráǹtì náà ò tíì parí, ó kàn ti ń sún mọ́ ìparí ni. Ó gbọ̀nà ilé ìtajà lọ.

Ilé dígí ni, ó mọ́ débi pé èèyàn á fẹ́ bọ́ bàtà kó tó wọlé. Àwọn ọkọ̀ tuntun tò síbẹ̀, wọ́n ń dán, kò sí èyí tó tíì rí ẹrọ̀fọ̀ lójú. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ Arẹwà wò. Mẹkáníìkì wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tí etí ẹ̀ méjèèjì nà síta bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n gbàgbé láti tì, wọ abẹ́ ẹ̀, ó jáde, ó gbé e yí ọgbà ká. Arẹwà dákẹ́ bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

"Màmá, a ò rí nǹkan kan o."

"Ṣé rírí ni mo ní kẹ́ ẹ rí i ni? Gbígbọ́ ni!"

"A ò gbọ́ náà, mà."

Ìgbà tó máa padà lọ, Aránṣọ ní òun máa sìn ín, pé èèyàn kì í dá nìkan lọ bá àwọn tó wọ táì jà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bá ọkùnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wáráǹtì pàdé. Kò sọ orúkọ ẹ̀ fún wọn, Onídìrí sì sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Wáráǹtì kó tó jókòó tán. Bàtà ẹ̀ ṣónṣó níwájú, ó lè fi ṣí agolo. Ohùn ẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn.

"Ìgbà wo gan-an ló máa ń ké, mà?"

"Tí èrò bá wà nínú ẹ̀, tá a bá gun òkìtì."

"Ẹ̀gbẹ́ ibo ló ti ń ké?"

"Ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Ta ló máa ń jókòó síbẹ̀, mà?"

Ẹnu Onídìrí yá ju ọpọlọ ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó nawọ́. "Ọ̀rẹ́ mi yìí."

Ọ̀gbẹ́ni Wáráǹtì wo Aránṣọ láti òkè délẹ̀, ó tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ra kọ́tìnnì fún fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti yé mi, mà. Ẹ má bínú o. Wáráǹtì wa ò kan ẹrù tó bá ti pọ̀ jù fún ọkọ̀."

Àwọn tó jókòó lórí àga, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tiwọn, yíjú wò wọ́n. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bojú wo ilẹ̀. Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní ẹrù ni mí!"

Gbogbo ilé bá a rẹ́rìn-ín. Onídìrí nìkan ni ò rín. Ó mọ ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ẹ̀ bó ṣe mọ orí ẹ̀. Èyí ò dénú. Ọ̀fun ló dé tó ti padà.

Láti ọjọ́ yẹn, orúnkún Aránṣọ gbádùn lójijì. Ọjọ́bọ̀ dé, ó ní iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ míì dé, ó ní òun ti ń rìn dáadáa, ilé ìwòsàn kí ló kù. Àwọn tó kù ṣì ń wọ Arẹwà lọ síbí lọ sọ́hùn-ún, àmọ́ ẹnì kan ò jókòó sí àyè Aránṣọ. Àbúrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ò tiẹ̀ sún. Tíṣà ò sì ti ìjókòó iwájú padà sẹ́yìn, orúnkún ẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ pákó bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, nítorí ẹsẹ̀ ẹni tí ò sí níbẹ̀.

Ọkọ̀ náà dákẹ́. Wọ́n gun òkìtì, kò ké. Wọ́n tún gùn ún, kò ké. Onídìrí ì bá fún ọkọ̀ náà ní ohunkóhun tó bá bèèrè kó lè ké. Nítorí tí ò bá ké láìsí Aránṣọ, a jẹ́ pé òótọ́ ni bàtà ṣónṣó yẹn sọ.

Ó lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Èkejì wà lórí àpótí, orúnkún náà wú bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

"Ìyẹn lo ní ó ti gbádùn?"

"Ó ń sinmi ni."

"Àbúrò ẹ sọ fún mi pé ìdí lo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó."

"Àbúrò mi kì í dákẹ́. Ẹnu ẹ̀ ló jẹ ẹran ara ẹ̀ tán."

"Dìde ká lọ. Ọjọ́bọ̀ ni."

Aránṣọ gé òwú pẹ̀lú eyín. Kò wo ojú ẹ̀. "Gbọ́. O fi ọjọ́ ayé ẹ ra ọkọ̀ yẹn. Ṣé èmi ni mo fẹ́ jókòó lé e títí á fi ya? Tí mo bá bà á jẹ́, kí lo máa sọ fún mi? O ò ní sọ nǹkan kan, mo mọ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́."

"Ọkọ̀ ni! Irin ni!"

"O sùn sínú ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ délé."

"Mo kàn... oorun ló gbé mi lọ níbẹ̀."

"Lọ dirun ẹ, jàre. Mo ń ránṣọ."

Onídìrí jáde. Ó jókòó sínú Arẹwà, kò ṣáná sí i. Ọwọ́ tó nà lọ́jọ́ yẹn ló ń wò. Ó ní òun máa fi ọwọ́ náà ká ọ̀rọ̀ yìí kúrò nílẹ̀. Tí òun bá lè mú ọkọ̀ náà ké níṣojú Ọ̀gbẹ́ni Wáráǹtì láìsí Aránṣọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó kó Tíṣà àti Àbúrò, ó ní àwọn méjèèjì ló máa wà lẹ́yìn, kí Àbúrò jókòó sí àyè ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gan-an, ó di ilé dígí.

Mẹkáníìkì eléti-nínà ló wà á. Onídìrí wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó na etí bí ajá ọdẹ. Ọ̀gbẹ́ni Wáráǹtì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ gbera. Wọ́n gun òkìtì ẹnu géètì. Ọkọ̀ pa kẹ́kẹ́. Wọ́n yí padà, wọ́n tún gùn ún. Kẹ́kẹ́. Ìgbà kẹta, mẹkáníìkì tiẹ̀ fi eré gùn ún. Arẹwà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọkọ̀ ọba.

"Màmá," Ọ̀gbẹ́ni Wáráǹtì ní, ohùn ẹ̀ rọ̀ sí i, "ṣé ẹ rí i? Ara ọkọ̀ yín le. Ọ̀rẹ́ yín yẹn ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kó dín oúnjẹ kù díẹ̀."

Ó wọlé. Ilẹ̀kùn dígí pa dé gbàm. Onídìrí gba kọ́kọ́rọ́, ó wọ ìdí ọkọ̀, kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí obìnrin yẹn ò bá sọ̀rọ̀, ẹ sá. Ó gbójú sínú dígí kékeré tó fi ń wo ẹ̀yìn, ni nǹkan kan bá sọ sí i lọ́kàn pé ohun tó ń rí ò dáa tó. Àbúrò di irin òkè fèrèsé mú lọ́wọ́ méjèèjì. Tíṣà fi ìgúnpá kan ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta ilẹ̀ ọkọ̀. Ìdí àwọn méjèèjì ò kan ìjókòó.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Àbúrò tún di irin náà mú dáadáa.

"Mo ní kí lẹ̀ ń ṣe! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wà látàárọ̀?"

"Mo gbé ara mi díẹ̀ ni," Àbúrò ní.

"O gbé ara ẹ? O so rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá! Kí lo wá ń gbé? Kí ló wà lára ẹ tó ṣeé gbé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn dúró síbẹ̀ o! Tí ọkọ̀ bá ké, tó wá wò mí bó ṣe wo ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Inú àdúgbò wo ni mo máa gbé?"

Onídìrí yíjú sí Tíṣà. "Ẹ̀yin náà, Tíṣà?"

Tíṣà tún gíláàsì ojú ẹ̀ ṣe. "Èmi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo máa gbòdo."

"Ẹ ò ju adìyẹ lọ, Tíṣà! Adìyẹ tó ń gbààwẹ̀!"

"Àní sẹ́. Mi ò jẹun látàárọ̀."

"Yéè! Ẹni tí mo ní kó kín mi lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́!" Ó ṣáná sí ọkọ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó ń bú wọn, wọ́n ń dá a lóhùn. Àbúrò ti ju irin òkè sílẹ̀ kó lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé. Tíṣà ti fara ti ẹ̀yìn, ó ń ní kò tọ́ kí ọmọdé máa pe àgbà ní adìyẹ. Inú ìjà yìí ni wọ́n wà tí wọ́n fi dé òkìtì ẹnu géètì.

"Kẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́n!"

Onídìrí tẹ bíréèkì.

"Ó ké," Tíṣà sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ó ké," Àbúrò ní. "Èmi nìyí. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

Onídìrí yíjú wo obìnrin tín-ín-rín náà, tó jókòó lé àyè Aránṣọ, tí ò lè tẹ ìrọ̀rí wọnú. Omi bọ́ lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ilé dígí ṣì wà lẹ́yìn wọn o. Kò padà síbẹ̀. Ó kọrí ọkọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, ó ń fun fèrè lọ́nà bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Jáde wá! Kì í ṣe ìwọ! Ó ké láìsí ẹ níbẹ̀!"

Aránṣọ yọ sẹ́nu ọ̀nà, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn ẹ̀. "Ẹ lọ jókòó, ẹ̀yin elétàn. Ẹ fẹ́ kí n lọ sílé ìwòsàn lẹ ṣe ń dọ́gbọ́n."

"Dúró síbẹ̀. Má kúrò."

Ẹ ò bá rí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Aránṣọ gbé àpótí síwájú ìsọ̀ oníbàtà, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀. Arẹwà lọ, Arẹwà bọ̀, lórí òkìtì. Kẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́n! Ó yí padà. Kẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́n! Àwọn tí Onídìrí ń dirun fún jáde wá wòran. Oníbàtà dìde, ó bọ́ fìlà.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ forí jì mí o. Ẹnu àìmẹ́nu ni. Ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn, àní mo lè gbé e sápò!"

Aránṣọ ń wo ọkọ̀ náà. Ìgbà tó tún máa kọjá, tó ké, tí Àbúrò sì yọ ọwọ́ lójú fèrèsé tó ń juwọ́ sí i bí ìyàwó ọba, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní ikùn Aránṣọ. Èyí dénú. Ó mì àpótí náà, ó mì tépù ọrùn ẹ̀, ó rín títí ó fi di orúnkún tó ń dùn ún mú.

"Ẹ dá ọkọ̀ yẹn dúró," ó ní. "Ọ̀gbẹ́ni ẹrù dà? Ẹ gbé mi lọ bá a."

Bí wọ́n ṣe dé, tàwọn tó ń dúró lórí àga, tọmọbìnrin ìdí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló mọ̀ pé èèyàn wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Wáráǹtì dìde, ó tún táì ṣe.

"Ẹ kú àbọ̀ o, mà. A ti sọ fún màmá pé..."

"O ti sọ," Aránṣọ ní. "Ó dáa. Ọmọ mi, tẹ́tí. Èyí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, ṣé irú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi náà kọ́?"

"Òun ni, mà. Tuntun ni."

"Ìyẹn ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ̀, gbogbo wa. Kí ọmọ eléti yìí wà á. Tó bá ké lórí òkìtì, èmi ni. Màá lọ sílé, màá máa jẹ ewé. Tí ò bá ké, ẹ máa tún ti ọ̀rẹ́ mi ṣe."

"Mà, ọkọ̀ títà nìyẹn, a ò lè..."

"Kí ló dé?" Onídìrí wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ohùn ẹ̀ sì dé òkè àjà. "Ṣé kò lè gbé èèyàn ni? Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọkọ̀, ṣé ẹ gbọ́ o? Wọ́n ní èyí ò lè gbé èèyàn o! Abájọ tí wọ́n fi ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́!"

Ọkùnrin kan tó wá wo ọkọ̀ náà ká ọwọ́ kúrò lára ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Wáráǹtì fún mẹkáníìkì ní kọ́kọ́rọ́ kíá.

Wọ́n wọlé, olúkúlùkù sí àyè ẹ̀, Onídìrí nìkan ló sún sáàárín ẹ̀yìn kí awakọ̀ lè ráyè. "Ẹni tó bá gbé ara ẹ̀ sókè, mo máa gé irun ẹ̀," ó ní. Àbúrò fi ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Aránṣọ tiẹ̀ fi ara lélẹ̀ pátápátá, gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún un. Wọ́n gun òkìtì, wọ́n sọ̀. Wọ́n tún gùn ún. Kò sí ariwo, àfi Tíṣà tó ń kà á sókè: "Ẹ rọra. Ọ̀nà àbájáde."

Wọ́n bọ́ sínú Arẹwà. Òkìtì kan ṣoṣo ni, igbe ẹ̀ mú kí ológbò sá kúrò lórí ògiri. Ọ̀gbẹ́ni Wáráǹtì gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ ó ní, "Ó dáa, ó ké lóòótọ́. Àmọ́ ó lè jẹ́ pé ẹrù tí wọ́n ti ń gbé sínú ẹ̀ látẹ̀yìn wá ló..."

Àwọn tó kù ti sọ̀ kalẹ̀, Aránṣọ ń gbìyànjú àtisọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn. Orúnkún ò jẹ́ kó rọrùn. Bó ṣe máa ń ṣe é ni pé á di etí ìjókòó mú, á ka ení, èjì, ẹ̀ta, á fà. Ó fà. Ó dìde. Ìjókòó náà bá a dìde.

Aránṣọ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀, ìjókòó lọ́wọ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. "Mo ti bà á jẹ́," ó sọ jẹ́jẹ́ fún Onídìrí. "Ọ̀rẹ́ mi, mo ti bà á jẹ́."

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, mà," mẹkáníìkì ní. Ó ti ki orí bọ abẹ́ ìjókòó, etí ẹ̀ nìkan ló kù níta. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìgbà tó yọrí, kò wo àwọn ìyá, ọ̀gá ẹ̀ ló ń wò. "Ọ̀gá, ẹ wá wo ihò bóòtù yìí. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀, ó ń dán. Bóòtù ò wọ ibẹ̀ rí. Ike kékeré kan ló ń dì í mú látọjọ́ tí wọ́n ti tà á, ike náà ti wá sán. Wọn ò de ìjókòó yìí mọ́lẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Wáráǹtì bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Bàtà ṣónṣó ẹ̀ wọ inú epo tó dà sílẹ̀, kò mọ̀. Ohùn rírọ̀ yẹn ti lọ, ohùn ẹni tó bẹ̀rù ló kù. "Wọn ò dè é," ó ní. "Tí ìyá bá jókòó síbẹ̀ tí ọkọ̀ wá..." Kò parí ẹ̀.

"Parí ẹ̀," Onídìrí ní.

"Ẹ má bínú, mà."

"Èmi kọ́ ni kó o bẹ̀."

Ó yíjú sí Aránṣọ. Ó tó ọmọ tí Aránṣọ lè bí, ojú sì tì í dé gbòǹgbò. "Ẹ dákun, mà. Kì í ṣe ẹ̀yin. Wáráǹtì kàn án. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó kàn án pátápátá."

Aránṣọ rọra gbé ìjókòó náà sílẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Wá bá mi di ọwọ́ mú kí n sọ̀ kalẹ̀. Rọra o. Ẹrù wúwo."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba Arẹwà padà, Ọjọ́bọ̀ ni. Onídìrí ti nù ún dán kó tó wà á lọ gbé Aránṣọ. Tíṣà wà níwájú, orúnkún ẹ̀ lára pákó. Ìgbà tí wọ́n ń sún mọ́ òkìtì oníbàtà, Tíṣà di pákó mú. Oníbàtà fi òòlù sílẹ̀. Onídìrí rọra gùn ún.

Kò sí nǹkan kan.

"Dúró," Aránṣọ ní. "Padà sẹ́yìn. Mi ò fara lélẹ̀ dáadáa."

"Ṣé ìwọ náà ń gbé ara ẹ ni?"

"Díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí."

Onídìrí padà sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí Aránṣọ gbé ara ẹ̀ sókè, ó sì já a lulẹ̀ gbìì! bí òkìtì ṣe ń gbé wọn, gbogbo ọkọ̀ fò, gíláàsì Tíṣà jábọ́, Àbúrò pariwo. Arẹwà ò ké.

"Ó ti tó," Onídìrí ní. "O fẹ́ bà á jẹ́ fún mi ni?"

"Kí ló kàn mí? Wáráǹtì ṣì wà ńbẹ̀," Aránṣọ ní, ó sì na ẹsẹ̀.